Ọ̀nà Ènìyàn, Ọ̀nà Omi

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Adó-Odò, ní Ọ̀tà, ní Sàngó, títí dé Àtàn, Agbárá àti Ìgbẹ́sà, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dá lórí ibì kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń gbà kọjá láti ìgbà tí ẹ ti ń lọ wá oúnjẹ òòjọ́ l'Ékòó, tí kò sì sí ohunkóhun níbẹ̀ tó máa sọ fún yín pé ojú omi ni ẹ wà. Ìddó ni mo ń wí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni rélùwéè fi ń kó òṣìṣẹ́ àti ọlọ́jà ní Ìjókò ní ìdájí, tó ń gba Agbádó, Agége àti Ìkẹjà kọjá, tó sì ń já wọn sí Ìddó. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ìjọba Èkó náà ti ń ná Agbádó sí Òyìngbò, Òyìngbò kò sì jìnnà sí Ìddó rárá. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Òyìngbò tó forí lé Ìddó yóò rí ọjà, yóò rí gáréèjì, yóò rí ṣọ́ọ̀bù tó fara kan ṣọ́ọ̀bù. Kò sí omi tó máa dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ erékùṣù ni Ìddó nígbà kan rí, omi ló yí i ká ní gbogbo ìhà. Bí omi yẹn ṣe di ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé irú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni àwa náà ń ṣe lọ́wọ́ lápá ọ̀dọ̀ wa yìí, láìsí ariwo. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ la ọ̀nà gba orí omi, ọ̀nà méjì ló gbọ́dọ̀ là: ọ̀kan fún ènìyàn, ọ̀kan fún omi. Èyí tó bá la ti ènìyàn nìkan, iṣẹ́ ààbọ̀ ló ṣe, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọn yóò sì san gbèsè ààbọ̀ tó kù.

Ọ̀rọ̀ Ìddó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará ìta fún wa. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ìlú Àwórì ni Adó-Odò, Àwórì náà ló sì kọ́kọ́ tẹ Ìddó dó. Ìtàn tí àwọn àgbà fi lé wa lọ́wọ́ sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnmiíre jókòó sí Ìṣẹrì létí odò Ògùn. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá Ẹ̀bùté-Mẹ́tà, láti ibẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí Ìddó, láti Ìddó ni wọ́n sì dé erékùṣù tí à ń pè ní Èkó. Ìran Ọlọ́fin yìí ni àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onílẹ̀ Èkó, ka ara wọn sí títí di òní. Kí ló lè mú kí ènìyàn fi ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó ṣeé dá oko, sílẹ̀ lọ máa gbé orí erékùṣù kékeré? Ogun ni. Omi ni odi wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jà gbọ́dọ̀ wá ọkọ̀ ojú omi, ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrẹ̀ ni yóò gbé e. Nítorí náà omi Ìddó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe kí Òyìnbó kankan tó dé: ó ń dáàbò bo ènìyàn, ó sì ń wọlé, ó ń jáde, ó ń gbé ẹja àti ìdọ̀tí lọ sí ibi tó yẹ kí wọ́n lọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí parí nígbà tí ogun parí. Ìkejì kò parí, kò sì lè parí, àfi bí òkun bá gbẹ.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti fa irin rélùwéè láti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀tà ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sùn, nǹkan bíi kìlómítà 32 sí Èkó. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni ẹrù pọ̀ sí, wọ́n sì na irin náà lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé títí dé Ìbàdàn. Ìddó ni wọ́n fi ṣe ìdíkọ̀ lápá Èkó, ó sì di dandan kí wọ́n so erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Lápá Ẹ̀bùté-Mẹ́tà, ibi tí omi kò ti jìn, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sómi, wọ́n sì fi afárá sí i. George Denton, tó máa ń di ipò gómìnà mú l'Ékòó láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀: àwọn ìwé kan pè é ní Denton Bridge, àwọn mìíràn pè é ní Denton Causeway. Lápá Èkó, ibi tí omi ti jìn tí agbára rẹ̀ sì pọ̀, afárá gígùn tó dúró lórí òpó ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n fún un ní orúkọ Gilbert Carter, tó ṣe gómìnà láti 1891 sí 1897. Wọ́n ṣí i ní 1901, nígbà tó sì di 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré ti ń ti Ìddó gba orí rẹ̀ wọ Èkó.

Ẹ wá fi apá méjèèjì wé ara wọn. Afárá Carter ti di títúnkọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní ẹ̀wádún 1930 àti ní ìparí ẹ̀wádún 1970, ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, omi ṣì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ apẹja ṣì ń gba ibẹ̀. Apá kejì, èyí tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ ṣe, ti di ilẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí lọ́jọ́ kan tó sọ pé òun fẹ́ sọ omi náà di ilẹ̀. Bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: bí òkìtì yẹ̀pẹ̀ bá dá omi lọ́wọ́ kọ́, omi kò ní yára mọ́, omi tí kò bá yára kò lè gbé ẹrẹ̀ tó rù, ẹrẹ̀ yóò jókòó sísàlẹ̀. Lọ́dọọdún ni ibẹ̀ yóò máa fà sókè, títí tí yóò fi di àbàtà. Àbàtà tó wà nítòsí ìlú ńlá kò ní ṣe aláìrí ẹni tó máa da pàǹtírí sí i, lẹ́yìn pàǹtírí ni yanrìn, lẹ́yìn yanrìn ni ilé. Ìjọra tó wà nítòsí ibẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọ̀nà tí wọ́n dà sómi níbẹ̀ ṣì wà nínú àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ di òní, Ijora Causeway, ibẹ̀ ni wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná sí ní 1923. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò wò yíká títí kó tó rí omi tí ọ̀nà náà dà sí.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí ohun tí mo ń sọ, ẹ má kàn kọjá lórí afárá Carter. Ẹ dúró díẹ̀ lápá Ìddó, ibi tí ẹ kò ti ní dí ọkọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì wo ara òpó. Ẹ óò rí ìlà kan tó yí òpó po. Kọnkéré gbígbẹ ló wà lókè ìlà yẹn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, ìkarahun wẹ́wẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ wọ́n síbẹ̀. Ìlà yẹn ni ibi tí omi ń dé nígbà tó bá kún. Òkun ń wọ inú ọ̀sà Èkó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìkúnsókè kan sí òmíràn, wákàtí méjìlá ó lé díẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ kíkún àti fífà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Lásìkò òjò, ẹ óò tún rí ewéko orí omi tó ń yọ òdòdó elésè àlùkò, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní omi Àgbádárìgì ní 1984, tó ń ti apá Porto-Novo bọ̀. Ìdì rẹ̀ á wá láti òkè ọ̀sà, á kọlu òpó, á pín sí méjì, á sì tún para pọ̀ lẹ́yìn òpó, á máa lọ sọ́nà òkun. Bí ẹ bá ní sùúrù dé ìgbà tí omi bá yí padà, ẹ óò rí i pé òun náà ló tún ń bọ̀. Òpó kò dá a dúró, lílọ tàbí bíbọ̀. Ká ní òkìtì yẹ̀pẹ̀ ló wà níbẹ̀ ni, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá jókòó sí.

Àwọn ará Faransé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú owó ńlá. Òkè àpáta kan wà ní etí òkun wọn ní Normandy tí wọ́n ń pè ní Mont-Saint-Michel, ilé àwọn mọ́ńkì ló wà lórí rẹ̀ láti ayébáyé. Òkun ibẹ̀ lágbára ju ti Èkó lọ lọ́nà tó jìn. Láàárín ìgbà tó bá fà pátápátá àti ìgbà tó bá kún jù lọ, omi lè fi mítà mẹ́rìnlá ga sí i. Láyé àtijọ́, ìgbà tí omi bá fà ni àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ń fẹsẹ̀ rin orí ẹrẹ̀ gbalasa náà lọ síbẹ̀, ẹni tó bá ṣe àṣìṣe nípa àkókò, omi á bá a lójú ọ̀nà. Ní 1879, wọ́n da ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè máa lọ nígbà tó bá wù ú. Inú gbogbo ènìyàn dùn, ó sì tọ́ kó dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà dá omi dúró, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ní òpin ẹ̀wádún 1960 wọ́n tún fi ìsénà sí ẹnu odò Couesnon tó ń ṣàn wọ ibẹ̀, èyí sì gba ìwọ̀nba agbára tó kù lọ́wọ́ omi. Koríko hù, àgùntàn ń jẹko níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kọjá tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá kìlọ̀ pé bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, òkè náà kò ní jẹ́ erékùṣù mọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ́ ìsénà tuntun sẹ́nu odò ní 2009, èyí tó ń gba omi sínú nígbà tí òkun bá kún, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí òkun bá fà, kí ó lè máa gbá ẹrẹ̀ jáde. Wọ́n gbé afárá orí òpó kalẹ̀ ní 2014. Lẹ́yìn náà ni wọ́n hú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ náà kúrò. Ọ̀nà tí baba ńlá wọn fi ìdùnnú là, àwọn ọmọ ló tún san owó láti tú u.

Ẹ̀rí kejì sún mọ́ wa, Denton kan náà ló sì kàn. Nígbà tó kúrò l'Ékòó, orílẹ̀-èdè Gambia ni wọ́n gbé e lọ, ó sì ṣe gómìnà níbẹ̀ láti 1901 sí 1911. Olú ìlú wọn, Banjul, orí erékùṣù ló wà, láàárín ẹnu odò Gambia àti àwọn ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí omi òkun ń bò tó sì ń ṣí. Ọ̀nà tó jáde ní Banjul gba orí afárá kan kọjá, Denton Bridge lorúkọ òun náà. Omi ṣì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ó ń kọjá, igi etí omi ṣì wà ní irà Tanbi tó yí ibẹ̀ ká, ọ́sítà sì ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò wọn, àwọn obìnrin ń wa ọkọ̀ lọ gé e, wọ́n ń sè é, wọ́n ń tà á. Àwọn obìnrin yìí kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ TRY ní 2007, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní gé ọ́sítà ní àwọn oṣù kan nínú ọdún kó lè bí sí i, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Equator Prize ní 2012. Orúkọ kan náà ló wà lórí omi méjèèjì, ti Ìddó di ilẹ̀, ti Banjul ṣì ń bọ́ ènìyàn. N kò sọ pé Denton fẹ́ràn Banjul ju Èkó lọ. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ohun tí àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ gbà kí wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè lọ́kàn, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ yóò sọ pé afárá wọ́n ju yẹ̀pẹ̀ lọ, pé bí a bá ní kí gbogbo ọ̀nà di afárá, a ò ní lè la ọ̀nà kankan. Òótọ́ ni pé afárá wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ afárá. Ní Keta, ní orílẹ̀-èdè Ghana, ìlú kan tó wà lórí yanrìn tóóró láàárín òkun àti ọ̀sà, òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ, ó sì ti gé ọ̀nà tó lọ sí Kedzi. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìdáàbòbò ibẹ̀ láàárín 2000 sí 2004, wọ́n da ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tó gùn tó kìlómítà mẹ́jọ ó lé, wọn kò sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí òpó. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ojúṣàn tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé tì sí i, kí omi ọ̀sà lè rí ibi jáde sínú òkun lọ́dún tí òjò bá pọ̀. Yẹ̀pẹ̀ ló gbé ènìyàn, ojúṣàn ló gbé omi. Owó ojúṣàn kò tó owó afárá, kò sì tó owó ilé tí omi máa wó bí kò bá sí.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ṣé àwọn ará Netherlands kọ́ ni wọ́n dí òkun tí wọ́n fi ń dá oko, ta ni òkun wá jẹ nínú wọn? Ìbéèrè tó dára nìyẹn, nítorí pé odi wọn tí wọ́n ń pè ní Afsluitdijk, tí wọ́n parí ní 1932, gùn tó kìlómítà 32, bí ẹni ń ti Èkó lọ sí Ọ̀tà, wọ́n sì fi dí apá òkun kan pátápátá títí tó fi di adágún omi tútù. Ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe dí i. Wọ́n fi ìlẹ̀kùn omi sí ibi méjì lára rẹ̀, nígbà tí òkun bá fà, wọn á ṣí i kí omi odò tó ti kó jọ lẹ́yìn odi lè jáde. Nígbà tí òkun bá kún, wọn á tì í. Àwọn tó mọ̀ jù lọ nínú dídí omi láyé, àwọn náà ni kò dí i láìfi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún un, àwọn ló tún ní òṣìṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó máa tọ́jú ẹnu ọ̀nà yẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi Netherlands ṣe àpẹẹrẹ kó má mú odi nìkan, kó mú ìlẹ̀kùn náà, kó sì mú òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ.

Àwọn kan á ní Èkó ì bá má di Èkó bí kì í bá ṣe pé wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sómi. Mo gbà. Bí rélùwéè kò bá lè dé Ìddó, ọ̀pọ̀ ohun tó so Ọ̀tà mọ́ Èkó lónìí kò ní sí. N kò dá àwọn tó la ọ̀nà lẹ́bi pé wọ́n là á. Ṣùgbọ́n àǹfààní tí ọ̀nà kan ṣe kò pa gbèsè rẹ̀ rẹ́, gbèsè omi kì í sì í dúró sí ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́. Ẹ wo òkúta tí wọ́n tò wọ inú òkun sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìfara gbún yanrìn. Èbúté jàǹfààní rẹ̀ gidigidi. Àmọ́ yanrìn etí òkun wa kì í dúró lójú kan, ìwọ̀ oòrùn ló ti ń bọ̀ lọ sí ìlà oòrùn. Òkúta dá yanrìn dúró lápá ìwọ̀ oòrùn, etí òkun ibẹ̀ ń sanra. Lápá ìlà oòrùn, ní Bar Beach, òkun jẹ ilẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí yanrìn tuntun dá padà, títí tí omi fi bọ́ sójú títì Ahmadu Bello ní Victoria Island. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Togo lẹ́yìn tí wọ́n ṣí èbúté Lomé ní 1968: àwọn abúlé apá ìlà oòrùn títí dé Aného ni òkun ń jẹ. Ẹni tó dí omi ní ibì kan, ibòmíràn ni wọ́n ti máa ń sunkún.

Ìbéèrè tó kù ni èyí tí mo rò pé ọ̀pọ̀ yín ní lọ́kàn: kí ló kan Ọ̀tà? A ò ní òkun, a ò ní ọ̀sà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé omi. Odò Ìlò àti odò Àtùwàrà tó ń ṣàn ní Ọ̀tà, àwọn tí olùkọ́ yunifásítì ti kọ ìwé ìwádìí lé lórí nítorí omi ẹ̀gbin tí ilé-iṣẹ́ ń dà sínú wọn, apá odò Òwò ni wọ́n ń forí lé. Odò Òwò ń ṣàn wọ ọ̀sà Ológe ní Agbárá. Ọ̀sà Ológe já sí omi Àgbádárìgì, ìyẹn sì já sí èbúté Èkó. Odò Yewa tó gba Adó-Odò kọjá náà, omi Àgbádárìgì yẹn ló ń bá lọ. Omi tó bá ti òrùlé fákítọ̀rì Ọ̀tà ṣàn sílẹ̀ lónìí ń bọ̀ wá gba èbúté Èkó kọjá kó tó wọ òkun. Ìsàlẹ̀ odò kan náà ni gbogbo wa ń lò, èyí tó sì burú ni pé nígbà tí òkun bá kún l'Ékòó, omi òkè kì í lè tètè jáde. Bí ojúṣàn wa níbí bá tún dí, a ti so ó ní okùn lórí, a tún so ó ní okùn lẹ́sẹ̀.

Lórí ilẹ̀ wa, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kò ní orúkọ gómìnà lára. Ó lè jẹ́ títì sí ẹ́sítéètì tuntun tó gé àfonífojì kọjá, ó lè jẹ́ ọ̀nà táńkà tí ilé-iṣẹ́ kan fi kátapílà dí àbàtà ṣe, ó lè jẹ́ fẹ́ǹsì gígùn tí wọ́n mọ láti etí títì dé etí odò láìfi ihò kankan sílẹ̀. Wọ́n á ri páìpù kọnkéré kan tàbí méjì sábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n wọn ìbú rẹ̀ ní oṣù kìíní nígbà tí odò gbẹ. Tí oṣù kẹfà bá dé, omi tó ń bọ̀ kò ní gba inú páìpù yẹn. Ẹni tó bá ń gba Òwódé àti Ìjákò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta lásìkò òjò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyókù fún un. Wọ́n á ní òjò ló pọ̀ jù. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò Ọ̀tà ti ń rọ̀ kí kátapílà tó dé, àwọn àbàtà tó máa ń gbà á sílé ni kò sí mọ́. Àwọn tó fa irin rélùwéè gba Ìjókò kọjá kò lè gbé ọkọ̀ ojú irin gun òkè gíga, wọ́n ní láti gé òkè kí wọ́n sì dí àfonífojì, ibi tí wọ́n bá sì ti dí i ni wọ́n ti ní láti ṣe ojúṣàn sí, nítorí pé bí omi bá gbá yẹ̀pẹ̀ lọ lábẹ́ irin lóru, ọkọ̀ á ṣubú ní àárọ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ló mú kí wọ́n ka omi sí. Àwa tí à ń ṣe títì kò ní ìbẹ̀rù yẹn, nítorí pé ilé ẹlòmíràn ni omi tí a dí máa ń wọ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a kì í sábà rò. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, erékùṣù Lindisfarne wà, ibi tí mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Aidan ti dá ilé mọ́ńkì sílẹ̀ ní ọdún 635. Wọ́n la títì síbẹ̀ ní 1954, gba orí ilẹ̀ ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e ga. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń bò ó. Ìjọba ìbílẹ̀ ń kọ àkókò tí ọ̀nà ṣí àti àkókò tí ọ̀nà tì jáde, wọ́n sì kọ́ yàrá kékeré sórí òpó gíga lójú ọ̀nà fún ẹni tí omi bá ká mọ́. Àwọn awakọ̀ alágídí ṣì wà tí wọ́n ń fojú di àkókò, tí wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ wọn sómi, nítorí náà n kò ní sọ pé ètò náà kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀nà lè tẹrí ba fún omi fún wákàtí díẹ̀ láìjẹ́ pé ìlú parun. Fún àwọn ọ̀nà abúlé tó gba àfonífojì kọjá lápá Adó-Odò, níbi tí owó afárá kò sí, kọnkéré tó nípọn tí a tẹ́ mọ́lẹ̀, tí omi lè gba orí rẹ̀ kọjá fún ọjọ́ mélòó kan lọ́dún, pẹ̀lú òpó tí a fi ọ̀dà kun láti fi bí omi ti jìn tó hàn, sàn ju òkìtì gíga tí omi máa wó lójijì ní ọdún kẹta lọ.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún gbé àwòrán ọ̀nà tuntun wá sí ìpàdé àdúgbò, ní Ìyẹ̀sí ni o, ní Lusádà ni o, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Ẹ ní kó fi ibi tí omi ń gbà ní oṣù kẹfà hàn yín lórí ilẹ̀, kì í ṣe lórí ìwé. Àgbẹ̀ tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ yóò mọ̀, ẹ mú un dání. Ẹ bèèrè iye ojúṣàn àti bí ìbú wọn ṣe tó, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣàlàyé ìdí tó fi mú ìwọ̀n yẹn. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n máa ń fò: ta ni yóò máa kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá nínú ojúṣàn náà kúrò lọ́dọọdún kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, owó rẹ̀ yóò sì ti ibo wá? Bí ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀nà kò bá fẹ́ buwọ́ lù ú, ẹ ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ rẹ̀ kí kátapílà tó wọlé. Oṣù kẹta ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ lápá ibí. Ojúṣàn tí wọn kò bá ṣí ní oṣù kejì, omi ọdún yẹn yóò dé bá a ní dídí.